Ilà Ojú Táyà

Oṣù Ẹpurẹ́ẹ̀lì ni ilẹ̀ Grande Prairie máa ń rántí pé amọ̀ lòun.
Yìnyín tó fi oṣù márùn-ún purọ́ fún wa pé ilẹ̀ le
yọ́ láàárín ọjọ́ méjì,
ọ̀nà kànga epo lẹ́yìn Sexsmith di ẹ̀kọ tí kò tíì dì.
Ibẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù mi jókòó sí.
Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń kùn bí àgbà tí wọn ò fún ní àga,
táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí lójú kan,
ojú wọn dán bí ojú ọmọ tuntun,
kò sí ilà kan tí yóò di ilẹ̀ mú.

Dwayne ló fà mí jáde. Táyà tirẹ̀, ìnṣì mẹ́tàdínlógójì,
ga dé ìbàdí mi.
Kò sọ̀rọ̀. Ó wo táyà mi, ó wò mí, ó tutọ́.
Itọ́ yẹn ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù Lorne Hrynchuk
lọ́jọ́ Sátidé, owó àṣekún oṣù mẹ́ta lápò mi.

Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ kọ gọ̀ǹbọ́,
ilà jíjìn tí ìka mi wọ̀ dé oríkèé kejì.
Èyí tó ń rin ibi gbogbo kọ pélé,
mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún,
ilà wẹ́wẹ́ láàárín wọn bí ẹni fi abẹ fà á.
Bàbá mi ìbá mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.
Fọganáísà ni, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkirè, ogójì ọdún;
àtàǹpàkò ló fi ń ka ọjọ́ orí rọ́bà.
Ó ní èyí tí kò bá rọ̀ fún àtàǹpàkò
kò ní rọ̀ fún òkúta.
Kò rí yìnyín rí. Kò mọ ibi tí rọ́bà ti ń le bí pákó
nígbà tí òtútù bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo.

Mo nawọ́ sí gọ̀ǹbọ́ tó tóbi jù.
Lorne mú ṣọ́ọ̀kì, ó rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀ mi,
ó sàmì síbi tí rọ́bà yóò ti máa ha mọ́gáàdì
nígbàkigbà tí mo bá yí títíárì dé òpin.
"A ó gbé e sókè díẹ̀," ni mo wí. "A ó gé irin díẹ̀."
Ó ní, "Ọjọ́ mélòó lo ń wà nínú ẹrẹ̀ lóṣù?"

Mo kà á. Mo tún un kà. Mo fi ọjọ́ kan bù kún un.
Mẹ́rin.
Ìyókù, ọ̀dà ni, ọ̀nà Edmonton gbọọrọ,
àwọn ẹlẹ́rẹ̀ wọ̀nyí yóò sì máa mu dísẹ́ẹ̀lì
bí ẹni tí kì í ṣe òun ló ń sanwó.
Agogo eré á ní ọgọ́rùn-ún, ọlọ́pàá á ní ọgọ́rùn-ún àti mẹ́wàá.
Mojísádé ti bi mí kí n tó jáde nílé:
"Pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ yìí, ta ni yóò gbé mi gun àjà yẹn?"

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ta ló bi eku bóyá ó wù ú kó tóbi?

Mo yá ọkọ̀ Dwayne nígbà kan, mo pe Màmá lójú ọ̀nà.
Ó ní, "Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀ ni?"
Oòrùn ń ràn. Táyà ni, ó ń dún lórí ọ̀dà
bí òjò lórí páànù ilé wa.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òjò ni.
Kò wù mí kó dá.

Mo ra pélé. Ìnṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,
àwòrán òkè àti yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí n tó sanwó.
Lorne rí mi. Kò rẹ́rìn-ín.

Lánàá, lẹ́yìn Sexsmith, mo dúró níbi tí ọ̀nà ti jìn,
mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ wọn ẹrẹ̀: ó dé ọrùn ẹsẹ̀.
Fóònù dún. "Ó dákẹ́ jù lọ́dọ̀ yín lónìí," ni Màmá wí.
"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"
Mo bojú wẹ̀yìn. Pélé, mẹ́ta-mẹ́ta, kedere nínú amọ̀,
títí dé ibi tí mo ti ń bọ̀.
"Mo wà," ni mo wí.
Mi ò tíì mọ̀ bóyá a ó kọjá.