Ohun Tó Ṣeé Yọ́

Ní Òkè-Fọ́kọ̀, lẹ́yìn ilé wa,
abọ́ tó ti lu, agolo míńrà tí mọ́tò ti tẹ̀ pẹrẹsẹ,
ọmọrí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú sí Mọ̀kọ́lá,
gbogbo wọn ń bọ́ sínú kòtò iná Bàbá.
Wọn a kọ́kọ́ ṣorí kunkun,
wọn a dúró bí ẹni tí kò gbọ́.
Tó bá ṣe díẹ̀, wọn a rọ̀,
wọn a wọnú ara wọn, wọn a di omi kan ṣoṣo,
omi tí kò ṣeé bù mu,
tó ń tàn yinrin bí ẹ̀yìn ẹja.
Bàbá a dà á sínú iyanrìn tó ti tẹ̀ sílẹ̀.
Kí n tó fọ àwo oúnjẹ àárọ̀ tán, ìkòkò ti délẹ̀.

Tíṣà Ọyèwùmí ní ká mú àpẹẹrẹ wá láti ilé:
ohun tó pa ìrísí dà tí kò pa àbùdá dà,
àti ohun tó lọ pátápátá, tí kò sí ọ̀nà àbọ̀.
Mo kọ ìkòkò. Mo kọ èédú.
Mo wá fi kánfọ̀ Ìyá Àgbà kún un,
èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀:
lọ́dún tó kọjá ó tó ẹyin àdàbà,
lọ́dún yìí ó kù bí hóró àgbàdo,
aṣọ kò rin, àpótí kò jò.
Kò di omi rí. Ó kàn gbéra bó ti le, ó di òórùn.
Tíṣà fa ìlà pupa sí i, ó tún pa á rẹ́,
ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?"
Mo ní ihò imú mi ni.

Ọdún yẹn náà ni Múfútàù ẹ̀gbọ́n mi
ju ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ sínú kòtò.
Ó ní òun kò fẹ́ yọ́ páànù, òun kò sì ríṣẹ́ ọ́fíìsì,
kí ni ìwé ọ̀hún wá wà fún?
Bàbá, tó ń fi irin gígùn ro iná lójoojúmọ́,
Bàbá tó mọ ooru ju gbogbo wa lọ,
fi ọwọ́ lásán wọ inú iná.
Ohun tó mú jáde dúdú, ó fẹ́lẹ́;
orúkọ Múfútàù ṣì ń kọ mọ̀nà lára rẹ̀
kí atẹ́gùn tó fẹ́.
Bàbá kò sọ̀rọ̀. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ló ń rùn.
Múfútàù wọ ọkọ̀ ẹrù ní Sábó lóru ọjọ́ náà.

Ìyá gbá eérú kòtò láàárọ̀, bó ti máa ń gbá a,
ó pò ó mọ́ ti èèpo kòkó,
ó sẹ́ ẹ, ó sè é pẹ̀lú àdín.
A fi ìwé mẹ́wàá Múfútàù wẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé.
Ó hó dáadáa.

Ọdún mọ́kànlá. Èmi náà di tíṣà.
Mo ń fi yìnyín kọ́ àwọn ọmọ ní Mọ́níyà,
yìnyín inú ọ̀rá tó ti ń ṣomi
kí n tó pe orúkọ tán nínú rẹ́jísítà.
Mo ní, "Ẹ wò ó, omi náà ṣì ni."
Àwẹ̀ró nawọ́ lẹ́yìn kíláàsì:
"Ògì tó ti di ẹ̀kọ ńkọ́, ma?"
Mo ní kò lè di ògì mọ́.
"Ṣé ó wá burú ni?"
N kò tíì dáhùn tí aago fi lù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Múfútàù wọlé, òjò ń kán lára rẹ̀,
àpò kan, ewú díẹ̀ nínú irùngbọ̀n,
èdè Hausa lẹ́nu rẹ̀ tó bá ń ka owó.
Ìyá wá ọṣẹ fún un. Ọṣẹ ọjọ́sí ti tán tipẹ́,
tuntun ló fún un.
Bàbá wò ó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀,
ibi tó ti jinná ṣùgbọ́n tí irun kò hù mọ́,
tó ń dán bí ìdí ìkòkò.
Ó ní, "Iná ń kú lọ."
Múfútàù bọ́ bàtà, ó jókòó ti ẹwìrì, ó ń fínná.
Èédú pọ́n.
Abọ́ kan tó ti lu ń ṣorí kunkun láàárín rẹ̀.
A ń wò ó.