Ẹ̀rọ Etí Méjì

Ọgbọ̀n ọdún ni ayùn Láfẹ́nwá fi jẹ etí mi
díẹ̀díẹ̀, bí ikán ti ń jẹ òpó.
Fúnmbi ra ẹ̀rọ méjì bọ̀ láti Pánṣẹ́kẹ́:
ọ̀kan ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án,
ọ̀kan ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì.
"Bàbá, ẹ dán wọn wò.
Èyí tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, wọn á gbà á padà."

Èyí olówó pọ́ọ́kú, kò mọ àgbà, kò mọ èwe:
ṣíbí bọ́ sílẹ̀, ó ní ilé wó;
mo fọwọ́ kan fìlà,
ó súfèé sí mi bí ọmọ ìta.
Gbogbo ayé ń pariwo, n ò gbọ́ ẹnì kan.

Mo ki èkejì bọ etí.
Ó dákẹ́. Mo ní wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì.
Àfi bí mo ṣe gbọ́ Àjíún lẹ́yìn ilé,
ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:
"Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń wí fún un pé òrùlé ń jò,
'bẹ́ẹ̀ ni' ló ń dá mi lóhùn."

Mo yọ ọ́. Mo nù ún. Mo dá a padà sétí.

Fúnmbi,
dá ti ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án padà.
Fi owó rẹ̀ ra ìṣó bọ̀.