Ẹni Tó Lé Ìyá Rẹ̀ Jáde

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi lé ìyá mi jáde nílé
ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́.
Sífáwù ni ìyá náà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jù ú lọ.
Àtíkè ló fi ń hu ewú;
orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù nígbà èwe
ló yá ìyá arúgbó lò.

Alẹ́ àkọ́kọ́, mo rọra tì í,
bí ẹni ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ jòjòló ń sùn sí.
Ó ṣubú, ó fi ìgbáròkó lu pákó.
Lẹ́yìn aṣọ ìkélé ó gbá mi lápá mú:
"Tì mí dáadáa, ẹ̀gbọ́n.
Bí ọwọ́ yín bá ń ṣiyèméjì,
ara mi ò ní mọ ibi tí yóò bọ́ sí."
Ó mú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbé e lé èjìká rẹ̀.
"Ibí. Kó wúwo."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe ọkọ,
ẹnikẹ́ni ò tíì fi èjìká lé mi lọ́wọ́ báyẹn.

Alẹ́ kejì, mo tì í. Ó bọ́ sílẹ̀ bí ewé,
kò sí ohun tó ṣe é.
Àwọn tó ń wòran ló fara pa.
Bàtà kan fò kọjá létí mi, ti ẹsẹ̀ òsì nìkan;
Kílànkó tó ń tan iná fún wa
ṣì ń wá ẹni tó ni ín.

Ilẹ̀ mọ́, mo dé etí ọ̀sà, mo fẹ́ sọdá.
Bàbá Lásún gbójú sókè lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀:
"Ọkọ̀ mi kì í gbé ẹni tó lé ìyá rẹ̀ jáde."
Mo ní, "Bàbá, eré ni."
Ó ní, "Mo mọ̀ pé eré ni. Sọ̀kalẹ̀."

Alẹ́ kẹta, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ gan-an,
ọ̀rọ̀ yọ̀ bọ́ mọ́ mi lẹ́nu bí ẹja àrọ̀.
Sífáwù ń wò mí láti orí ìkúnlẹ̀.
Ó tún gèlè wé. Ó wú ikọ́ tí kò sí nínú ìwé eré,
ó tún un wú,
ó ń fi ikọ́ ra àkókò fún mi.
Inú orí mi dá páropáro.

Ohùn kan tó ha dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá:
"'Màmá, ẹ̀yin àti ìyàwó mi ò lè jọ gbélé yìí.'
Òun ló kàn. Sọ ọ́ ká lọ!"

Bàbá Lásún ni.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá bínú sí mi,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló sanwó ìwọlé.
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.
Mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, mo sọ ọ́,
mo gbé ọwọ́ lé ibi tí wọ́n fi hàn mí.
Ó wúwo.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé mi sọdá, kò fọhùn títí a fi gúnlẹ̀.
Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì, mo tẹ́wọ́ fún ṣéńjì.
Ó ká owó náà sápò:
"Èyí tó kù, ti ìyá rẹ ni."

Mo ròyìn fún Sífáwù. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.
"Èló ló kù? Níbo lowó mi wà?"