Abẹ́rẹ́ Rèé

Páálí mẹ́ta dé lọ́jọ́ Ẹtì,
ọkùnrin tó gbé wọn wá kò dúró gba ọpẹ́.
Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn wa ní òpópónà Sargent.
Mo fi ọ̀bẹ ìgé-àlùbọ́sà la páálí àkọ́kọ́:
ìwé mi rèé, igba ẹ̀dà lápapọ̀,
ó ń ta sánsán bí ọ̀dà tuntun.

Atẹ̀wé kọ lẹ́tà onílà méjì mọ́ ọn:
"A ti tẹ̀ ẹ́.
Ìpolówó di ọwọ́ yín."
Mo ka ìlà kejì lẹ́ẹ̀mẹta.
Èmi tí mo rò pé ìwé a máa dá rìn,
pé bí mo bá ti kọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ á hù lára rẹ̀.

Ní Ìkirun, abẹ́rẹ́ àti òwú ni ìyá mi ń kiri.
Èmi ni mò ń tẹ̀lé e, tí mò ń fojú pamọ́
nígbàkigbà tó bá yanu:
"Abẹ́rẹ́ rèé o!
Ó kéré lójú, kì í ṣe mímì f'ádìẹ!
Ẹni aṣọ rẹ̀ ya lánàá, kó má jẹ̀ẹ́ kó ya dọ̀la!"
Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ fún mi.
Ojú ń tì mí. Mo búra nínú ara mi
pé iṣẹ́ gègé ni n ó ṣe,
gègé kì í pariwo.

Ó ti kàn ọ́ báyìí, Ìbíwùnmí.

Mo gbé márùn-ún lọ sílé ìkàwé.
Ìyáàfin Kowalchuk yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò,
ó ní kí n wá kà á ní alẹ́ Ọjọ́rú.
Ogún àga ni wọ́n tò.
Ènìyàn mẹ́rin ló wá:
ọ̀kan ń sá fún òtútù,
ọ̀kan ṣi yàrá,
ọ̀kan ni Luzviminda, tí a jọ ń tọ́jú arúgbó lóru,
kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì ń mi orí títí mo fi parí.
Ẹnì kẹrin sùn.
Mo kà á fún wọn, àti fún àga mẹ́rìndínlógún.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì,
lẹ́yìn ìkéde ọkọ̀ tó dínà.
Wọ́n dì mọ́ mi: "O ṣe wá lógo!
Tèmi ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, àbí?"
Mo fún ènìyàn mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́ kí n tó gbọ́n.
Alàgbà Gbọ́láhàn nìkan ló yọ owó.

Mo to méjì síwájú dígí Kàmọ́rùdéènì onígbàjámọ̀:
ẹni tí wọ́n ń gé irun fún kò ríbi sá lọ.
Lálaalẹ́ mo ń fi ojú ewé kan sórí Wasáàpù,
mo ń dá a dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn,
kí wọ́n lè bínú sí mi.
Ìbínú wọn ra mọ́kànlá.

Síbẹ̀, páálí kejì wà lábẹ́ ibùsùn, ó ń wò mí.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ní ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì Portage,
nínú òtútù tó fẹ́ẹ̀ já etí ènìyàn,
mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń fi Yorùbá bá fóònù jà.
Ẹnu mi ti là kí n tó rò ó:
"Ìwé rèé o!
Ó fẹ́lẹ́ lójú, kì í ṣe mímì f'ádìẹ!"
Ohùn ìyá mi ni.
Èéfín ẹnu mi gùn bí òwú tó tú.
Ọkùnrin náà pa fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó rà á.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìpè wọlé láti Brandon.
Arúgbó kan ni. Kò kí mi.
"Ìwọ lo kọ ìwé nípa reluwé Ìkirun,
tí ọmọ mi rà ní ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì?
Ojú ewé kẹtàdínlógójì, irọ́ lo pa.
Fìtílà pupa kọ́ ni bàbá rẹ gbé sókè lóru ọjọ́ yẹn.
Aláwọ̀ ewé ni. Èmi ni mo rọ epo sí i."

Mo jókòó sílẹ̀.
N kò tíì rí ẹni tó ka ìwé mi dé ojú ewé kẹtàdínlógójì.

Ó ní, "Fi mẹ́wàá ránṣẹ́.
N ó fi bírò tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan."