Àpáàdì Inú Amọ̀

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ta ṣúgà, mílíìkì, ọṣẹ àti àbẹ́là
ní Gẹ̀rí Àlímì, nínú ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé tó kọjú sí títì.
Òru Àlàmísì kan ṣoṣo ni iná fi kà á tán.
Ó kà á bí ọmọ kéú ṣe ń ka wàláà,
láti òkè délẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi igi tú eérú.
Mo rí agolo mílíìkì tó ti wú bí ikùn aboyún,
mo rí kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́.
Mo so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró mi.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn èèyàn wá kí mi. Wọ́n jókòó sórí ẹní,
wọ́n ní, "Sàláwátù, ìgbà tí èèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀."
Òótọ́ ni. Ẹ ṣeun.
Ṣùgbọ́n ẹni tó jí ní ọ̀sán gangan
mọ̀ pé omi ìwẹ̀ ti tán nínú àmù,
oòrùn kò sì ní dúró kó bọ́jú.

Àbúrò mi ní kí n wá bá òun gbé ní Ọ̀fà,
kí n máa gbé ọmọ pọ̀n, kí n máa fa tẹ̀sùbáà.
Ọmọ mi ọkùnrin ní, "Màámi, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ sinmi."
Sinmi!
Ọ̀rọ̀ náà dùn létí,
ṣùgbọ́n òórùn káńfọ̀ ló ń ta sí mi nímú.

Mo gba Òkèlélé lọ,
sí ebu tí ìyá ìyá mi ti mọ ìkòkò rí,
èyí tí mo sá fún lọ́mọdé nítorí ẹrẹ̀ abẹ́ èékánná.
Àwáwù ni wọ́n ní kó kọ́ mi,
ọmọ ogún ọdún, oyún oṣù márùn-ún nínú rẹ̀.
Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó dìde, ó di ọ̀gá mi.

Ẹ̀yìn la fi ń rìn yí ìkòkò po, a ó tẹ̀ kọdọrọ,
ọwọ́ ń fa amọ̀ sókè, ẹsẹ̀ ń padà sẹ́yìn.
Lọ́jọ́ kìíní, ìbàdí mi pè mí lórúkọ tí n kò jẹ́ rí.
Orù mi àkọ́kọ́ da ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí adìẹ tó ń fetí sí òjò.
Àwáwù wò ó, kò rẹ́rìn-ín:
"Ẹ wó o, Màámà. Ó ṣì tutù."
Mo wó o. Mo tún un mọ. Mo wó o.
Láàárín oṣù mẹ́rin, ohun tí mo fọwọ́ ara mi wó
ju ohun tí iná jó lọ.

Nígbà tí ọ̀kan wá dúró, a sun ún, ó sán.
Mo jókòó tì í. Mo ní, èyí ti rí iná,
èyí kò ṣeé pò mọ́. Èmi náà nìyẹn.
Àwáwù kó o sínú odó, ó ń gún un, gbì, gbì,
títí àpáàdì fi di ìyẹ̀fun pupa.
Ó dà á sórí amọ̀ tuntun, ó ní kí n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
"Amọ̀ tí kò ní àpáàdì nínú kì í lè gba iná,"
ó wí i bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta iyọ̀.

N kò sunkún níbẹ̀.
Mo délé ná. Mo kírun Iṣáì tán.

Ẹ má bi mí bóyá mo ti lówó. N kò tíì lówó.
Orù mẹ́ta péré ni mo tíì tà, ọ̀kan ń jò,
mo dá owó olówó padà.
Ṣùgbọ́n lánàá mo ń wá nǹkan tí n ó fi fín ọrùn orù tuntun,
ọ̀bẹ Àwáwù kò sí nítòsí.
Mo tú etí ìró mi.
Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì ní eyín.
Mo fi fín in yí ká, díẹ̀díẹ̀,
mo ń fẹ̀yìn rìn.