Ta Ni Ahun?

Mọ́kànlá ni wọ́n wà nínú garawa lálẹ́ ọjọ́ náà,
garawa ọ̀dà tí Bùràímọ̀ fọ̀, tí kò mọ́ tán,
ẹ̀yìn wọn ń ró kò, kò, kò lára wọn
bí àwo tánganran tí ọmọdé ń kó lọ fọ̀.
Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń so ewúrẹ́ mọ́.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn. Ọ̀kan yọrí,
ó wò mí, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré,
ó fa orí wọlé bí onígbèsè tó gbóhùn olówó.

Àbúrò mi ni Bùràímọ̀. Kì í ṣe olè.
Owó ilé-ìwé Ràfátù ló ń wá,
Ìyá Sùlíyá tó ń se ọbẹ̀ ata l'Ókè-Fìà sì ti san àsansílẹ̀:
ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí èyí tó bá tó abọ́,
ẹgbẹ̀rún méje bó bá ní ẹyin nínú.
Àwọn tó ń mu bíà níbẹ̀ ní ẹyin ahun ń fún ìbàdí lókun.
Bóyá. N ò mọ̀.
Mo mọ̀ pé mo ti jẹ nínú rẹ̀ rí,
mo fa eegun mu, mo lá ìka, mo ní kí wọ́n bù sí i.

Baba wa náà pa ahun. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ òkú.
Ṣùgbọ́n bó bá ká ìgèrè lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀,
á fi ẹ̀yìn èyí tó mú lélẹ̀,
á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí itan rẹ̀ wò;
bó bá kan ohun ribiti, "Pẹ̀lẹ́, ìyá ọlọ́mọ,"
ọwọ́ méjèèjì ni yóò fi dá a padà sómi.
A máa ń fi í rẹ́rìn-ín.
Ebi ń pa wá, a ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì, Ọlábòpé,
bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó ń ka ahun odò.
Ọdún tó kọ́kọ́ wá, ó kọ mẹ́tàlélógójì sínú ìwé.
Ọdún kejì, mẹ́rìndínlógún.
Lọ́dún yìí ìwé náà tutù, pẹ́ńsù rẹ̀ ò kúrú.
Ó ní ahun á lò tó ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
kó tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ sétí iyanrìn;
awọ́nríwọ́n á hú ẹyin, àwòdì á gbé ọmọ,
ìwọ̀nba ni yóò dàgbà.
"Ẹ̀yin wá ń jẹ ìyá," ó ní. Kò pariwo.
Ohun tí wọ́n jẹ tán láàárín ìgò bíà méjì
ti wà lódò kí wọ́n tó sọ agbáwo lórúkọ.

Lókè, nínú igbó òrìṣà, ẹnikẹ́ni ò ju ìwọ̀.
Ahun ò mọ ààlà. Ó bá omi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀,
ó di ti ìgèrè.

Ahun là ń pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le.
Mo rò ó títí lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa.
Èyí tó ń jẹ òkú ẹja kí omi wa má baà rùn,
tí kò gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba,
àti àwa tí a jẹ ẹran, tí a jẹ ẹyin,
tí a fi eepo rẹ̀ gba eérú sìgá,
tí a ò ṣẹ́ ọ̀kan kù fún ọmọ tí Ràfátù yóò bí,
ta gan-an ni ahun?

Mo gbé ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó ṣẹ́jú.
Ó tọ̀ sí mi láṣọ títí dé etí omi.
Mẹ́wàá yòókù gun ọ̀kadà lọ s'Ókè-Fìà kí ilẹ̀ tó mọ́.
Bùràímọ̀ kà wọ́n, ó tún wọn kà,
ó wo aṣọ mi, kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní wọ́n bi ahun tó ń ràjò pé ìgbà wo ni yóò dé,
ó ní ó dìgbà tóun bá tẹ́.
Eléyìí wọmi. Mo dúró díẹ̀ sí i.
Ojú omi ò mì.
Bí kò bá dé mọ́,
kì í ṣe òun ló tẹ́.