Kí Wọ́n Má Pàdé

Aago méjì òru kọjá díẹ̀, ní Kétu.
Jẹnẹrétọ̀ ti sùn; èmi kò sùn.
Mo fi eyín di fóònù mú kí iná rẹ̀ lè tàn sí ìgò,
bí ológbò ṣe ń fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀.
Rafíátù, ọmọ ọdún méje, ará Ìlíkìmù,
ara rẹ̀ gbóná bí ìṣáasùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.
Omi Ríngà ń kán sí i lápá: tó, tó, tó.
Dókítà ti kọ abẹ́rẹ́ tuntun sínú ìwé
kó tó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sílé:
sẹfitiríásọ́ọ̀nù, gíráàmù kan, ní kíákíá.

"Ní kíákíá" ni ìyá ọmọ náà ń wí.
"Dókítà" ló ń pè mí, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì;
òru kì í jẹ́ kí a ka oyè.
"Dókítà, oògùn ti wà lọ́wọ́ yín.
Kí lẹ tún ń wò?"

Mo ń wo ògiri.
Sẹ́fírìnà tó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn
ló fi rúlà fa ìlà sórí páálí yẹn:
oògùn lókè, oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́,
níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá".
Mo fi ìka kan tọ sẹfitiríásọ́ọ̀nù bọ̀ látòkè,
mo fi òmíràn tọ Ríngà bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.
Níbi tí ìka mi méjèèjì ti kanra,
ihò ni mo bá.
Ikán ti jẹ ìdáhùn.

Mo gbé méjèèjì sókè síná. Wọ́n mọ́.
Ọ̀kan dà bí omi òjò, èkejì ní àwọ̀ oyin fẹ́ẹ́rẹ́.
Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan,
ṣùgbọ́n àgbò ní ìwo tí a lè rí.

Mo pe Bẹ́núà ní Àjàṣẹ́. A jọ kàwé ni.
Ó dún títí. Oorun kún ohùn rẹ̀:
"Kalisíọ̀mù wà nínú Ríngà. Yóò dì.
O ò rántí ife ọjọ́ yẹn ní kíláàsì?"
Mo rántí.
Omi lu omi, ẹfun jáde láàárín wọn,
funfun, bí èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri.
Ẹfun, nínú iṣan tí kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ.

Nílùú wa, Àkàbà Ìdènà ṣì dúró,
ilẹ̀kùn tí àwọn baba wa fi ń dá ogun padà.
Ogun a máa pariwo kó tó dé.
Èyí kò ní pariwo.

Mo sé omi Ríngà. Mo fi omi iyọ̀ fọ ọ̀nà,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbá ojúde kí àlejò tó wọlé.
Ìyá Rafíátù ń wò mí bí ẹni tó ń fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ṣeré.
N kò bínú sí i.
Lẹ́yìn náà ni mo ti oògùn wọlé, òun nìkan.

Nígbà tí àkùkọ kọ, ọmọ béèrè omi.
Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.
Mo wá bíìkì, mo gun àga,
mo lẹ bébà kékeré mọ́ ojú ihò tí ikán jẹ,
mo kọ ọ́ gàdàgbà: RÁRÁ.